Rẹ́jísítà Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Fún ọdún mẹ́fà gbáko, èmi ni mo máa ń jókòó nídìí tábìlì kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú rẹ́jísítà aláwọ̀ búlúù kan níwájú mi àti bírò tí a fi okùn so mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì mú un lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá jọ́sìn ló ń kọ orúkọ sínú rẹ̀. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń sún mọ́ ọdún mẹ́rin ló ń kọ ọ́: orúkọ òbí, orúkọ ọmọ, déètì. Òbí tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù fún ọdún méjì ni fíkà, ìyẹn àlùfáà tó ń bójú tó ìjọ wa, yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù fún. Fọ́ọ̀mù yẹn ni yóò sì mú kí ọmọ rẹ̀ ṣíwájú ọmọ aládùúgbò nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ wa, tó wà lẹ́yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, bá ń yan ọgbọ̀n ọmọ tí yóò gbà lọ́dún náà. Bí ọjọ́ 16 oṣù kẹrin bá dé, tí lẹ́tà ìgbàwọlé tẹ àwọn òbí lọ́wọ́, àwọn kan wà nínú wọn tí a kò ní í fojú kàn mọ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́kàn mi ni pé owó ìjọba ló ń gbé ilé-ẹ̀kọ́ náà ró. Òbí kankan kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Owó oṣù olùkọ́, iná, ìwé, oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ kéékèèké, inú owó orí ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, ìbáà jẹ́ owó orí ẹni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ti Mùsùlùmí, tàbí ti ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà rárá. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n. Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní iye tó lé ní 4,500 nínú wọn, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba ń náwó sí nílẹ̀ náà, bí a bá sì ka àwọn ọmọ tó wà nínú wọn, wọ́n tó mílíọ̀nù kan. Àwọn ọmọ tó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ yìí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pọ̀ ju àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lọ, tàgbà tèwe. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí fi èyí sọ́kàn, nítorí pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ibi tí Ìjọ Áńgílíkà ti ń bá àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé jù lọ là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlú yìí máa ń bi mí pé báwo ni ìjọba ṣe wá gbé ilé-ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ lé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjọba dé. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1811 ni Joshua Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, National Society, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú orúkọ gígùn tí wọ́n fún un: pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ àwọn tálákà lẹ́kọ̀ọ́, ní ìlànà ìjọ tí òfin gbé kalẹ̀, káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Wọ́n fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wà ní páríìṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àdúgbò tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bójú tó. Olùkọ́ kò tó, nítorí náà wọ́n lo ọgbọ́n tí alùfáà kan, Andrew Bell, mú bọ̀ láti Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí olùkọ́ kan ṣoṣo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó dàgbà, tí àwọn náà sì ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ nínú iyàrá kan. Owó tí àwọn ọmọ ìjọ dá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1833 ni ìjọba tó kọ́kọ́ dá sí i, tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí £20,000 fún ilé kíkọ́, tí wọ́n sì pín in láàárín National Society àti ẹgbẹ́ British and Foreign School Society, tí àwọn ìjọ tí kì í ṣe Áńgílíkà ń ṣe àtìlẹ́yìn fún. Nígbà tó di ọdún 1841, òfin kan jáde tó mú un rọrùn fún onílẹ̀ láti fi ilẹ̀ tí kò ju éékà kan lọ tọrẹ fún kíkọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Irú ìwé ẹ̀bùn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọ yàn sínú ìgbìmọ̀ alákòóso rẹ̀, ní ọdún tí mo wọ ìgbìmọ̀ náà ni akọ̀wé sì gbé àpótí tín-ín-rín kan sórí tábìlì, tó tú ìwé náà síta. Awọ ẹran ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó ti le, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó sì ń ká padà bí a ṣe ń tẹ́ ẹ, tó fi jẹ́ pé ife tíì mẹ́rin la fi tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó lè kà á. Tàdáwà náà ti di àwọ̀ ìpẹtà. Mo fi ìka tọ ìlà dé ìlà títí mo fi kan ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà fún: àwọn ọmọ alágbàṣe, ọmọ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, àti ti àwọn tálákà mìíràn nínú páríìṣì yìí. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà, tàbí èyí tó jọ ọ́, ló wà nínú àìmọye ìwé ẹ̀bùn ayé ìgbà náà. Ó tún sọ pé kí fíkà máa bójú tó ẹ̀kọ́ ìsìn, kí ilé-ẹ̀kọ́ náà sì máa tẹ̀ lé ìlànà National Society. Mo wá a títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí èdìdì pupa wà, n kò rí ibi tí wọ́n ti sọ pé kí a máa ka iye ìgbà tí òbí wá sí ìsìn.

Ọdún 1870 ni ìjọba dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ibi tí ti ìjọ kò tó, òfin sì kà á léèwọ̀ pé kí a kọ́ ọmọ ní kátíkísìmù ìjọ kankan nínú wọn. Láti ìgbà náà ni irú méjèèjì ti jọ ń rìn. Ṣùgbọ́n ọdún 1902 ni mo máa ń ronú lé jù. Ní ọdún yẹn, ìjọba Arthur Balfour ṣe òfin pé kí owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé máa gbọ́ bùkátà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ náà. Inú bí àwọn Onítẹ̀bọmi, àwọn Mẹ́tọ́díìsì àti àwọn ìjọ mìíràn gidigidi. Oníwàásù Onítẹ̀bọmi kan, John Clifford, ló ṣíwájú wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní í san owó náà. Àwọn agbófinró wá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù àwọn kan nínú wọn, wọ́n tà á ní gbàǹjo, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sẹ́wọ̀n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa wọn, ó dà bíi pé wọ́n ń ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ abúlé ìgbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ Áńgílíkà nìkan ló wà. Bàbá tó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì yóò san owó, yóò sì mú ọmọ lọ síbẹ̀, àmọ́ kò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Mo ti jókòó nídìí rẹ́jísítà, mo ti rí ẹni tó ń san owó ohun tí kò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mo sì mọ bí ojú rẹ̀ ṣe ń rí.

Àdéhùn tí a ń lò títí dòní, ọdún 1944 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí ogun ṣì ń jà. R. A. Butler ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nínú ìjọba, William Temple sì ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ti gbó, ìjọ kò sì lówó tí yóò fi tún wọn ṣe. Butler wá ṣí ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá yan ọ̀nà kìíní, tí wọ́n ń pè ní voluntary controlled, yóò gbé gbogbo ìnáwó lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí, ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa gba olùkọ́ síṣẹ́, òun náà ni yóò máa pinnu ọmọ tó wọlé, ìjọ yóò sì ní ìjókòó díẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Èyí tó bá yan ọ̀nà kejì, ìyẹn voluntary aided, yóò san ìdajì owó ilé kíkọ́ àti àtúnṣe. Ṣùgbọ́n àwọn aṣojú ìjọ ni yóò pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, àwọn ni yóò gba olùkọ́, àwọn ni yóò kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn bí ìjọ ṣe gbà gbọ́, àwọn ni yóò sì yan ọmọ. Temple gbà, ó sì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ọ́ títí wọ́n fi gbà. Òfin náà jáde ní oṣù kẹjọ; nígbà tí oṣù kẹwàá yóò fi parí, Temple ti kú.

Ọ̀nà kejì ni ilé-ẹ̀kọ́ wa tọ̀. Àmọ́ ìdajì tí Butler bá wọn dá ti ń dín kù láti ìgbà dé ìgbà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló sì kù báyìí. Mo rí ìtumọ̀ èyí pẹ̀lú ojú mi nígbà tí òrùlé gbọ̀ngàn àwọn ọmọ ń jò. Nínú pọ́ùn mẹ́wàá tí a ná lé e, ìjọba san mẹ́sàn-án. Àwa ìjọ dá ẹyọ kan yòókù, a ta àkàrà òyìnbó lẹ́yìn ìsìn, a ṣe àsè, a gbé igbá káàkiri, inú wa sì dùn pé a ṣe ojúṣe wa. Ní oṣù yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ wa jókòó láti to àwọn orúkọ ọmọ tó fẹ́ wọlé, mo sì ń wo òrùlé tuntun náà lórí wa bí a ṣe ń ka fọ́ọ̀mù. Àwọn tó san mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kò sí nínú yàrá náà. Fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ti di academy lẹ́yìn òfin ọdún 2010, tí owó wọn ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá tààrà, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti wà lábẹ́ àjọ tí dáyósíìsì, ìyẹn agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń ṣàkóso, dá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ túbọ̀ le sí i.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé kí a lé ṣọ́ọ̀ṣì kúrò. Mo fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Láàárọ̀, bí àwọn ọmọ bá ti jókòó sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ọmọ kan láti kíláàsì tó ga jù yóò tan àbẹ́là mẹ́ta, yóò sì sọ pé, “Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín,” ohùn igba ọmọ yóò sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ti sọ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa jọ́sìn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò bìkítà mọ́. Àwọn tiwa ń ṣe é tọkàntọkàn. Bí ọmọ kan bá pàdánù ìyá àgbà rẹ̀, wọn yóò dárúkọ màmá náà, gbogbo wọn yóò sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun wà níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti yọ ọ́, ẹ̀tọ́ yìí sì wà nínú òfin. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀, ìdílé kan péré ló lò ó.

Ní àwọn ìlú kan ní àríwá, bíi Blackburn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Áńgílíkà wà tó jẹ́ pé ọmọ Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní tiwa, àwọn ọmọ Mùsùlùmí díẹ̀ máa ń rí àyè wọlé lọ́dún tí àyè bá ṣẹ́ kù. Bàbá ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi lẹ́nu géètì pé ohun tí òun rò nígbà tí òun yan ibẹ̀ ni pé níbẹ̀, wọn kì í tijú láti dárúkọ Ọlọ́run. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí iṣẹ́ ìjọ láàárín ìlú, n kò rò pé ìkankan nínú wọn wọ̀ mí lára tó ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2020, a ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. A kò jọ́sìn nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kò tì, nítorí àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì, ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti ọmọ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ní láti ríbi wà. Àwọn olùkọ́ ń to oúnjẹ sínú àpò fún àwọn ìdílé tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì dúró lẹ́nu géètì, mo ń nà án sí wọn. N kò bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà. Rẹ́jísítà náà wà nínú àpótí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí a tì. Nígbà tí a ṣí ṣọ́ọ̀ṣì padà, mo gbé e jáde, mo nu eruku ara rẹ̀, mo sì jókòó tì í.

Ọdún kejì lẹ́yìn ìyẹn ni abiyamọ kan wá bá mi. Yorùbá ni, ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, alaalẹ́ Sátidé ló máa ń wọ iṣẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló sì ń kúrò. Fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ kọjú sí ọgbà ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọmọkùnrin rẹ̀ máa ń dúró lórí àga láti wo àwọn ọmọ tó ń sáré níbẹ̀. Nínú ọdún méjì, ìgbà mẹ́sàn-án péré ló rí àyè wá. Ó mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó ń wọlé má baà gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè bá mi bẹ fíkà pé kí wọ́n fọwọ́ sí i? Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.”

Mo dá a lóhùn pé, “Àbúrò mi, ohun tó wà nínú ìwé ni fíkà máa kà.” Òtítọ́ ni mo sọ. Èmi ni mo sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn tọkọtaya kan tó ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti ìkọjá ibùdókọ̀ ojú irin pé ìgbà méjì-dín-láàádọ́ta nínú rẹ́jísítà yẹn. Ọmọ tiwọn wọlé. Ọmọ abiyamọ náà bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní láti wọ bọ́ọ̀sì méjì kí ó tó dé, ìyá rẹ̀ sì ń ti ibi iṣẹ́ òru lọ mú un lọ síbẹ̀. N kò ní ohun búburú kankan láti sọ nípa tọkọtaya yẹn. Ohun tí a ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ pé kí a pa rẹ́jísítà rẹ́. Àwọn tó takò mí kì í ṣe ẹni ibi, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìwọ̀n. Ọ̀kan sọ pé bí a bá fi ìtòsí ilé nìkan yan ọmọ, àwọn olówó ni yóò ra gbogbo ilé tó wà láyìíká wa, tálákà yóò sì tún pàdánù. Bẹ́ẹ̀ ló rí, mo ti rí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa nínú ìpolówó ilé títà. Ṣùgbọ́n òfin ìgbàwọlé ti fàyè gbà á láti ọdún 2014 pé kí a lè fi àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí towó ṣe ṣíwájú, àwọn tí ìjọba ń fi àfikún owó ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ nítorí wọn. Ẹlòmíràn sọ pé rẹ́jísítà ń mú èèyàn wá sínú ìjọ, àwọn kan sì ń dúró. Mo mọ ìdílé mẹ́ta tó dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo dúpẹ́ lórí wọn. Síbẹ̀, n kò rí i pé ó tọ́ kí a máa fi àyè ọmọ ọdún mẹ́rin wá ọmọ ìjọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ìgbìmọ̀ náà, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, pa òwe fún mi nígbà tí a jáde síta: ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ní, “Ọ̀gá, òwe yín bá a mu tó bá jẹ́ àwa la ra ìlẹ̀kẹ̀ náà. Owó gbogbo ìlú la fi rà á.” Ó dákẹ́ títí a fi dé ibùdókọ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní jẹ́ ti ìjọ mọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá àwọn kéékèèké ní abúlé, ni kì í bi òbí ní ọ̀rọ̀ ìsìn kí wọ́n tó gba ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà láàárọ̀. Nígbà tí ìjọ náà gbé èrò rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ kalẹ̀ ní ọdún 2016, ọ̀rọ̀ Jésù nínú Jòhánù orí kẹwàá ló fi ṣe ìpìlẹ̀, pé òun wá kí wọn lè ní ìyè, kí wọn sì ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo ka ẹsẹ náà sókè nínú ìpàdé wa, mo sì ka ìlà inú ìwé ẹ̀bùn náà tẹ̀ lé e.

A dìbò. Gbogbo ohun tí mo béèrè kọ́ ni mo rí gbà. Ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé kí a gbé àbá kan síwájú àwọn aráàlú: ìdajì nínú ọgbọ̀n àyè náà yóò wà fún ọmọ àdúgbò, láìbi òbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, àwọn ọmọ tí ìdílé wọn kò rí towó ṣe ni yóò sì ṣíwájú, ìdajì kejì yóò wà bó ṣe wà. A kọ́kọ́ fi í ran ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ dáyósíìsì, bí òfin ti wí, lẹ́yìn náà ni a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè dá wa lóhùn. Mo dìbò fún un, mo sì gbé rẹ́jísítà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, mo bá abiyamọ náà lẹ́nu géètì. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ó dúró níwájú ìwé tí a lẹ̀ mọ́ géètì, àbúrò ọmọkùnrin yẹn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kà á tán, ó tún un kà.

“Ẹ̀gbọ́n, ìdajì wo ni ọmọ mi wà nínú rẹ̀?”

Mo fi ìka tọ ìlà náà fún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe tọ ti ìwé awọ yẹn, mo sì sọ fún un pé kò tíì di òfin, pé ọjọ́ 31 oṣù yìí ni àkókò ìdáhùn yóò parí, àti pé kí ó kọ ìbéèrè tó bi mí yẹn gan-an ránṣẹ́. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. A jókòó sórí ìjókòó onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo yọ bírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi.